ORÍ KARÙN-ÚN: BÍ A TI Í SỌ ÒÓTỌ́ NÍPA FỌ́TÒ, ÀTI BÍ A TI Í GBÀ Á

Ìfáàrà

Ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ọmọ ẹ̀kọ́ tí ó ti mọ bí a ti í di kámẹ́rà mú tí kì í gbọ̀n, tí ó ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti ibi tí òjìji ń ṣubú sí, tí ó sì ti ń fi fóònù tàbí kámẹ́rà ńlá ya ohun tí ó bá wù ú ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Alápẹ̀rẹ̀ ní ìlú Èkó, lè máa rò pé ẹ̀kọ́ òun ti parí. Kò ì tí ì parí rárá. Nígbà tí ó ń ya fọ́tò ìyá kan ní ọjà Mile 12, ó ń gbọ́ ariwo àwọn alábàárù, òórùn ata tútù ń wọ̀ ọ́ nímú, ó rántí ẹrọ̀fọ̀ tí ó rìn nínú rẹ̀ kí ó tó dé ìdí igbá ìyá náà, ó sì rántí àdúrà tí ìyá náà ṣe fún un. Nígbà tí ó bá sì délé tí ó ń wo iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ń bá fọ́tò náà wò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó bá a wọ inú fọ́tò. Ẹni tí kò bá a dé ọjà, fọ́tò nìkan ṣoṣo ni ó ń rí. Nítorí náà ni ojú ẹlòmíràn fi jẹ́ irinṣẹ́ fún ayàwòrán, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ irinṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àǹfààní wo ni ó wà nínú ojú tí ó rí, bí ẹnu kò bá sọ? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Bí a bá gbé fọ́tò han ọ̀rẹ́, “Ó dára gan-an” ni yóò sọ, nítorí pé kò fẹ́ kí inú wa bàjẹ́. Bí a bá sì gbé e han ẹni tí ìlara ń yọ lẹ́nu, “Kò dára” ni òun náà yóò sọ, yóò sì kọjá lọ. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ síra tó, ibì kan náà ni wọ́n fi ayàwòrán sí: kò mọ ohun tí ó ṣe tí ó dára, kò sì mọ ohun tí yóò tún ṣe. Olùrà tí ó mọ ọjà kì í wo orí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kí ó tó sanwó, ọwọ́ ni ó ń tì bọ ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí a bá fún ní fọ́tò wò kò gbọdọ̀ dúró lórí “ó dára” àti “kò dára”.

Òfin kan ṣoṣo ni orí ìwé yìí wà láti kọ́ni, gbogbo ìyókù ẹ̀ka rẹ̀ ni: kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí kí a tó sọ ohun tí ọkàn wa rò nípa rẹ̀. Nínú òfin yìí ni òótọ́ àti àánú ti pàdé, nítorí pé ẹni tí ó ń sọ ohun tí ó rí kò ráyè pọ́n ẹnikẹ́ni, kò sì ráyè bú ẹnikẹ́ni.

Àríwísí iṣẹ́ ọnà kì í ṣe àjèjì láàárín wa

Àwọn kan ń wí pé Yorùbá kì í bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọlọ́nà, pé a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, a ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Robert Farris Thompson rin ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, ó ń gbé ère kalẹ̀ níwájú àwọn ará ìlú, ó ń ní kí wọ́n sọ èyí tí ó dára jù fún òun, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí sì jáde ní ọdún 1973. Ohun tí ó bá pàdé ni pé àgbẹ̀, ọlọ́jà, olóyè àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra wọn ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání fún ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ ní àjọjù. Kí ojú, etí àti ẹnu rẹ̀ hàn kedere. Kí ara rẹ̀ dán. Kí ìdúró rẹ̀ gún. Kí ó sì wà ní ìrísí ẹni tí agbára rẹ̀ pé, tí kì í ṣe ọmọdé, tí kò sì tíì di arúgbó.

Nígbà tí kámẹ́rà dé, a kò da àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí nù. Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣe àkíyèsí pé nínú fọ́tò àwọn àgbà, ẹni tí wọ́n ń yà a máa jókòó gbọnyin nínú aṣọ ńlá, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, a kọjú sí kámẹ́rà tààrà, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ a sì máa wà nínú fọ́tò. Ìwọ̀nyí sì bá ohun tí àwọn ará ìlú ń béèrè lọ́wọ́ ère mu. Nítorí náà, bí ọmọ ẹ̀kọ́ bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri pálọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, kí ó má ṣe yára sọ pé ó le gbagidi, kò sì dùn ún wò. Ẹni tí yóò wí nǹkan sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí a rán iṣẹ́ náà.

Àpẹẹrẹ láti Kétu

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Kosofe kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹni àwòkọ́ṣe, nítorí pé Kétu ni J. D. ’Okhai Ojeikere gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1930 ni a bí i ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ní ọdún 1950 ó ra kámẹ́rà kékeré kan tí ń jẹ́ Brownie D. Ní ọdún 1954 ó di ọmọ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1963 títí di 1975 ó ń bá ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity ṣiṣẹ́ ní Èkó, lẹ́yìn èyí ni ó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, ó sì ń bá a lọ títí tí wọ́n fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Parísì ní ọdún 2000 àti ní Venice ní ọdún 2013. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2014 ni ó papò dà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan nínú irú fọ́tò wọ̀nyẹn dán òfin wa wò. Bí a bá wí pé “Baba yìí mọṣẹ́,” a kò tíì kọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ohun tí a rí, a ó wí pé: àwọ̀ dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, tí a kò fi rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀hún ṣófo, kò sí ògiri, kò sí igi, kò sí ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ sì rọra bọ́ sórí irun náà tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ojú tẹ̀ lé ìlà òwú kọ̀ọ̀kan láti orí dé òpin. Kí a tó sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ yẹn, ìdí tí fọ́tò náà fi dára ti fara hàn fúnra rẹ̀: ohun gbogbo tí kì í ṣe irun ni ó ti kúrò lọ́nà, kí irun náà, tí a ń pè ní Onílé Gogoro, lè dá dúró bí ilé ọba. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ lè mú lọ lo nìyẹn.

Ìran kejì tún gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Ní ọdún 2001, níbi àjọ̀dún fọ́tò ní Bamako ní ilẹ̀ Mali, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán láti Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Depth of Field. Amaize Ojeikere, ọmọ baba Kétu yìí, wà nínú wọn, pẹ̀lú Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi àti TY Bello. Zaynab Odunsi àti Emeka Okereke dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àṣà ẹgbẹ́ yìí ni kí wọ́n máa pàdé, kí olúkúlùkù gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí àwọn ìyókù sì tú u palẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó di ẹni tí ayé mọ̀. Ọlọ́gbọ́n kan kì í ta kókó omi sétí aṣọ.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta: rírí, bíbéèrè, ìdájọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ ẹ̀kọ́ kan ya ìyá onítòmátì ní Mile 12 ní ọ̀sán gangan, ó sì gbé fọ́tò náà wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lè lọ báyìí:

Àbúrò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí.

Ẹ̀gbọ́n: Ó dáa. Mo rí ìyá kan lábẹ́ agboòrùn pupa, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta sì wà níwájú wọn. Dánfó tí ó wà lẹ́yìn ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé, torí òun ni ó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wá ojú ìyá yẹn kàn, ó ṣú, n kò rí ẹyinjú wọn. Ọ̀pá agboòrùn dúró láàárín orí wọn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti hù. Ọwọ́ ọ̀tún wọn sì gé kúrò létí fọ́tò. Kí ni o fẹ́ kí n rí?

Àbúrò: Bí wọ́n ṣe ń ṣa tòmátì sínú rọ́bà ni, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ wọn yá débi pé ojú kì í bá a.

Ẹ̀gbọ́n: Ọwọ́ yẹn gan-an ni ó gé kúrò.

Kí ọmọ ẹ̀kọ́ ṣe àkíyèsí ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí. Èkíní, ẹ̀gbọ́n náà sọ ohun tí ó rí lẹ́sẹẹsẹ bí ojú rẹ̀ ti ń rìn lórí fọ́tò: ibi tí ojú kọ́kọ́ bà lé, ibi tí ó lọ lẹ́yìn náà, àti ibi tí ó ti kọsẹ̀. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ìpọ́nni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò lè jiyàn sí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ẹlòmíràn pé ojú rẹ̀ kò lọ síbi tí ó lọ. Èkejì, kò dájọ́ kí ó tó béèrè ohun tí ayàwòrán ní lọ́kàn. Ìbéèrè yìí ni òpó tí àríwísí gbogbo dúró lé. Bí àbúrò bá ti wí pé dánfó ni òun fẹ́ yà, a jẹ́ pé fọ́tò náà ti jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wí pé ọwọ́ ni, àṣìṣe náà hàn sí òun fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní àṣìṣe. Ẹ̀kẹta, a fi èrò ayàwòrán díwọ̀n fọ́tò rẹ̀, a kò fi ìfẹ́ inú olùwò díwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdájọ́ ni àtúnṣe tẹ̀ lé, àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè ṣe ní ọ̀la. “Kọ́ iṣẹ́ sí i” kì í ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe nìwọ̀nyí: kí ó sún sí apá òsì ní ìṣísẹ̀ kan kí ọ̀pá agboòrùn lè kúrò lórí ìyá náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn apẹ̀rẹ̀ bo dánfó mọ́lẹ̀, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ àti rọ́bà wọ inú fọ́tò tán kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fi ìka kan ojú ìyá náà lójú fóònù kí fóònù lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí òun ti wọn ìmọ́lẹ̀. Bí àléébù bá tó mẹ́wàá, kí olùwò mú méjì tí ó tóbi jù nínú wọn sọ, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ẹrù tí ó bá pọ̀ jù ni à ń sọ kalẹ̀ sójú ọ̀nà.

Kí ó sì sọ ohun tí ó dára pẹ̀lú, ní kúlẹ̀kúlẹ̀ bí ó ti sọ èyí tí kò dára. “Pupa agboòrùn àti pupa tòmátì bára wọn sọ̀rọ̀, má ṣe sọ ìyẹn nù” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó níye lórí, nítorí pé ayàwòrán alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ti ṣe ohun rere láìmọ̀, bí a kò bá sì fi hàn án, kò ní í lè tún un ṣe. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ayàwòrán, àti ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí a yà

Òótọ́ kò pé bí kò bá dé ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀. Èkó súnmọ́ àárín ayé tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń dúró gangan lókè orí ní ọ̀sán, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Òjìji gèlè àti ti ìpéǹpéjú a sì bo ojú mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ya fọ́tò ojú ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó tọ́ sí i ni kí ó jí dé ọjà, nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láti Òkè Ọya ń já ẹrù, tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò gbọdọ̀ ti ẹnu ọmọ ẹ̀kọ́ jáde láé, òun ni pé “Ẹni tí o yà ló dúdú jù.” Kámẹ́rà a máa wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀ ní àwọ̀ tí kò dúdú tí kò sì funfun, bí ẹ̀yìn ẹni bá mọ́lẹ̀ gbòò, yóò fa gbogbo fọ́tò wá sínú òkùnkùn, ojú aláwọ̀ dúdú ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣe fíìmù láyé àtijọ́ pàápàá dá kún un: ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń fi fọ́tò obìnrin òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún àwọn tí ń fọ fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ni kí a tún ṣe. Àwọ̀ ẹni kò ní àléébù.

Bákan náà, kí olùwò má ṣe yára pe ohun tí kò retí ní àṣìṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, TY Bello ń ya gbajúmọ̀ olórin Tinie Tempah ní Èkó nígbà tí obìnrin oníbúrẹ́dì kan tí ó ru igbá rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ pé òfin pé kí àlejò má wọ inú fọ́tò nìkan ni ayàwòrán náà mọ̀, ìbá ti jù ú nù. Ṣùgbọ́n ó fi í síta, gbogbo ayé sì ń béèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe.

Gbígba òótọ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ẹni tí yóò sì gbà á gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún un. Bí a bá gbé fọ́tò kalẹ̀, kí a dákẹ́ kí olùwò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣàlàyé pé, “Òjò ló fẹ́ rọ̀, wọ́n sì ń tì mí,” kí ẹnìkejì tó la ẹnu, ó ti ba ojú ẹni náà jẹ́, nítorí pé ó ti kó ohun tí kò sí nínú fọ́tò sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, kí a béèrè ohun pàtó: “Ibo ni ojú yín kọ́kọ́ bà lé, ẹ̀gbọ́n?” dára ju “Ṣé ó dára, sà?” lọ, nítorí pé èkejì ti fi bẹ́ẹ̀ ni sẹ́nu ẹni tí a bi. Abèèrè kì í ṣìnà, bí ó bá mọ bí a ti í béèrè.

Kí a kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó pinnu. Bí ẹni mẹ́ta tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ bá fi ọwọ́ kan ibì kan náà, kí a má ṣe jiyàn mọ́, ibẹ̀ ni àléébù wà. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yàtọ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ayàwòrán padà sídìí ohun tí ó ní lọ́kàn, kí ó mú ìmọ̀ràn tí yóò gbé e débẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyókù. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ kò di dandan kí a tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gbígbà tí ó pé láìjẹ́ pé a padà síbi iṣẹ́: kí a tún fọ́tò náà yà, kí a gbé ti àná àti ti òní sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì gbé e padà tọ ẹni tí ó sọ òótọ́ fún wa lọ.

Ẹni kẹta

Nínú gbogbo àríwísí, ẹnì kan wà tí kì í sí ní ìjókòó, òun ni ẹni tí a yà. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ tó gbé kámẹ́rà sókè ní Mile 12 tàbí ní etí omi Agbóyì, ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó wí pé, “Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà yín ní fọ́tò,” kí ó sì gbà bí wọ́n bá kọ̀. Nígbà tí a bá sì ń tú fọ́tò náà wò, kí a máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà jókòó tì wá. Ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Àkótán

A ti rí i pé ayàwòrán kò lè dá rí iṣẹ́ rẹ̀ tán. Pé Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n àríwísí kí kámẹ́rà tó dé. Pé kí a sọ ohun tí a rí, kí a béèrè èrò ayàwòrán, kí a tó dájọ́. Pé kí àtúnṣe jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Àti pé ẹni tí ó gba òótọ́ gbọ́dọ̀ tún fọ́tò yà.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí ayàwòrán fi ń rí ohun tí kò sí nínú fọ́tò rẹ̀?

2. Dárúkọ òṣùwọ̀n mẹ́rin tí àwọn ará ìlú fi ń díwọ̀n ère nínú ìwádìí Thompson. Èwo nínú wọn ni ó wúlò fún fọ́tò, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. “Fọ́tò yìí kò bójú mu.” Tún gbólóhùn yìí kọ ní ọ̀nà tí yóò fi sọ ohun tí ojú rí.

4. Wá fọ́tò àgbà kan nínú ilé yín. Kọ ìlà mẹ́wàá lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, láìlo “ó dára” tàbí “kò dára.”

5. Lọ sí ọjà èso Ìkòsí tàbí sí Òwòdé Onírin, gba àyè lọ́wọ́ ẹnì kan, kí o sì yà á lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Gbé fọ́tò náà fún ẹni mẹ́ta wò láìsọ ohunkóhun, kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, padà lọ tún un yà, kí o sì mú fọ́tò méjèèjì wá sí kíláàsì, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè sọ òótọ́ fún ọ.